Bí a ṣe rí ilé-ẹ̀kọ́ jiu-jitsu tó gbà wá

Láti London

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin èèyàn mi. Mo ti lé lógójì ọdún, bọ́ọ̀sì ni mo ń wà ní gúúsù London, ìbàdí mi sì ti gan látàrí ìjókòó. Dókítà ní kí n wá nǹkan ṣe sí ara mi. Sísáré lórí ẹ̀rọ sú mi kíákíá, ni ọmọ ẹ̀gbọ́n mi bá ní kí n wá wo jiu-jitsu àwọn ará Bràsíl, ìjàkadì tí wọ́n ń jà lórí ilẹ̀. Fídíò ìdíje ìjà UFC àkọ́kọ́, èyí tí wọ́n ṣe ní Denver lọ́dún 1993, ló fi hàn mí: Royce Gracie, ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ ọkùnrin nínú aṣọ funfun, ń fún àwọn òmìrán lọ́rùn títí wọ́n fi ń táàpù, ìyẹn ni pé wọ́n ń fọwọ́ gbá a pé àwọn gbà. Mo ní ó dáa, ẹ jẹ́ ká lọ wò ó.

Ilé-ẹ̀kọ́ tí mo kọ́kọ́ wọ̀ dára lójú. Ìgbànú dúdú, ti àwọn ọ̀gá, ni olùkọ́ wọn dè, àmì-ẹ̀yẹ kún ara ògiri, sháwà ń yọ omi gbígbóná. Ṣùgbọ́n kí n tó bọ́ bàtà, ẹni tó wà ní tábìlì iwájú ti gbé ìwé àdéhùn ọdún kan síwájú mi: owó yóò máa jáde ní báńkì lóṣooṣù, bí mo wá, bí n kò wá. Mo ní kí n kọ́kọ́ jókòó wò ná. Ó ní àwọn kì í jẹ́ kí àlejò wo kíláàsì. Ọjà wo ni wọ́n ti ń ní kéèyàn má yẹ iṣu wò kó tó sanwó? Mo bá ẹsẹ̀ mi sọ̀rọ̀.

Èkejì wà lókè ṣọ́ọ̀bù kan. Téèpù ni wọ́n fi so máàtì wọn pọ̀, sháwà kò sí. Ìgbànú àwọ̀ ilẹ̀ ni olùkọ́ ibẹ̀ dè, kò tíì gba dúdú. Kó tó béèrè orúkọ mi ló ti béèrè ibi tó ń dùn mí lára. Ó ní kí n jókòó sí ẹ̀gbẹ́ kan kí n wòran. Gbogbo bí wọ́n ṣe ń bá ara wọn jà ni mo ń wò. Ohun tí mo ń ṣọ́ ni ohun tó ń ṣẹlẹ̀ bí ẹni kékeré bá táàpù fún ẹni ńlá. Kíá ni wọ́n ń tú u sílẹ̀. Wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á bọ ara wọn lọ́wọ́, ó di òmíràn. Wọn kì í fi tuntun ti tuntun. Ẹni tó ti mọ̀ ọ́n ni wọ́n máa ń fi tì wọ́n, torí ẹ̀rù àti agbára ẹni tí kò mọ nǹkan kan ló ń ṣeni léṣe jù. Ibẹ̀ ni mo dúró sí.

Ohun kan ṣì ń yà mí lẹ́nu. Nínú ìjàkadì tá a wò dàgbà ní Ìjẹ̀bú, ẹni tí ẹ̀yìn rẹ̀ bá ti kanlẹ̀, wọ́n ti dá a, ó parí. Níbí, ibẹ̀ ni ìjà ti ń bẹ̀rẹ̀. Ará Jàpáànì kan, Mitsuyo Maeda, onijúdò, ló dé Bràsíl ní 1914. Ìdílé Gracie tí wọ́n bá a pàdé ní Belém wá fi ọ̀pọ̀ ọdún tún ìjà orí ilẹ̀ yìí ṣe. Èmi tí mo ti ń ṣọ́ ẹ̀yìn mi láti kékeré, wọ́n ní kí n fínnúfíndọ̀ dùbúlẹ̀, kí n fi itan há ẹni tó wà lókè, kí n máa wá apá rẹ̀. Ó pẹ́ kí ara mi tó gbà á. Ẹ̀yin ńkọ́?

Láti Houston

Ẹ̀gbọ́n, ẹ káre. Nọ́ọ̀sì ni mí, ẹ má bínú bí ọ̀rọ̀ mi bá jẹ́ ti ìmọ́tótó. Bẹ́ ẹ bá dé ilé-ẹ̀kọ́ kankan, ẹ wo ẹsẹ̀ wọn nígbà tí wọ́n bá ń ti ilé ìgbọ̀nsẹ̀ bọ̀. Bí wọ́n bá wọ sílípáàsì, tí wọ́n bọ́ ọ sí etí máàtì, ó dáa. Bí wọ́n bá lọ láìwọ bàtà tí wọ́n sì padà sórí máàtì bẹ́ẹ̀, ẹ kí wọn kẹ́ ẹ máa lọ. Làpálàpá ń bẹ níbẹ̀, kòkòrò tó ń sọ ojú ọgbẹ́ di eéwo náà ń bẹ. Olùkọ́ gidi máa ń yẹ èékánná wò, á sì ní kí ẹni tí ara rẹ̀ ń yún lọ sílé.

Ibi tí mo ti kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀, wọ́n fi mí ti ọkùnrin kan tó tó mi méjì, tuntun bíi tèmi. Ó fa apá mi, mo táàpù, ó tún fà á. Mo pariwo kó tó jù ú sílẹ̀. Olùkọ́ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, fóònù ló ń tẹ̀. Nígbà tí mo fi ìgúnpá mi hàn án, ó ní bẹ́ẹ̀ ló máa ń rí, pé ara á le tó bá yá. N kò dá a lóhùn, mo di báàgì mi. Ibi tí mo wà báyìí, mo kọ́kọ́ béèrè iye obìnrin tó ti kọjá ìgbànú búlúù lọ́dọ̀ wọn. Obìnrin lè pọ̀ ní ìgbànú funfun níbi gbogbo. Bí ẹyọ kan kò bá pẹ́ níbẹ̀, nǹkan kan ló ń lé wọn.

Ní ti ìgbànú olùkọ́, kò burú bí kò bá dúdú, ṣùgbọ́n ẹ béèrè ẹni tó dè é fún un. Ó sábà máa ń gbà tó ọdún mẹ́wàá kéèyàn tó kan dúdú. Lófin IBJJF, àjọ tó ń ṣètò ìdíje jiu-jitsu yìí káàkiri àgbáyé, àgbàlagbà bíi tiwa ní láti lo ọdún méjì ó kéré tán lórí búlúù, ọdún kan ààbọ̀ lórí elése àlùkò, ọdún kan lórí àwọ̀ ilẹ̀. Ẹni tó bá ṣèlérí dúdú fún yín ní ọdún mẹ́ta, ẹ ní ó dàárọ̀.

Láti Manchester

Tèmi ò gùn. Ọmọ mi ni mo wá ilé-ẹ̀kọ́ fún. Mo béèrè ìwé DBS àwọn olùkọ́, ìwé tí wọ́n fi ń yẹ̀ ẹ́ wò níbí bóyá ẹnì kan ti dáràn rí. Níbì kan, ojú wọn yí padà, mo mú ọmọ mi lọ́wọ́. Ẹ má sì jẹ́ kẹ́nikẹ́ni fi búlúù tan ọmọdé yín: lẹ́yìn funfun, eérú, yẹ́lò, ọsàn àti gíríìnì ni tiwọn. Búlúù di ọmọ ọdún 16.

Láti Ìbàdàn

Ẹ̀yin ará òkè òkun ń ṣà, ìwọ̀nba ni ohun tó wà lọ́dọ̀ wa. Máàsítà kan wà ládùúgbò wa tí wọ́n kọ ọ́ sára pátákó pé karaté, kung fu, jiu-jitsu, gbogbo rẹ̀ làwọn ń kọ́ni. Ìgbànú pupa ni wọ́n dè. Nínú jiu-jitsu, pupa jẹ́ ti àwọn arúgbó tó ti lo ọjọ́ ayé wọn nídìí rẹ̀. Máàsítà wa kò tíì pé ogójì. Mo bẹ̀ wọ́n pé ká jọ gbé e wò díẹ̀, wọ́n ní ọwọ́ àwọn léwu jù. Mo dọ̀bálẹ̀ kí wọn, mo bá tèmi lọ.

Ẹgbẹ́ júdò ni mo padà dúró sí. Ìgbànú búlúù ni bọ̀ọ̀dá tó ń kọ́ wa ní jiu-jitsu, wọn ò sì pera wọn ní nǹkan míì. Wọ́n máa ń bá gbogbo wa jà, wọ́n sì máa ń táàpù fún wa lójú gbogbo èèyàn. Aṣọ júdò la ń wọ̀, torí gi, aṣọ jiu-jitsu gan-an, wọ́n. Bí wọ́n bá mú iná lọ, a ó ṣílẹ̀kùn, a ó máa bá a lọ nínú òógùn. Àǹtí nọ́ọ̀sì, ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ fi ń nu máàtì? Izal la ń lò, òórùn rẹ̀ ń fún wa lọ́rùn ju ẹni tá a jọ ń jà lọ.

Láti Houston

Àbúrò, ẹ kọ́kọ́ fi ọṣẹ fọ ìdọ̀tí rẹ̀ kúrò. Ẹ wá po Hypo díẹ̀ mọ́ omi púpọ̀, ẹ fi nù ún, ẹ jẹ́ kó wà níbẹ̀ fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá kẹ́ ẹ tó fi omi lásán ṣan án. Ẹ má po Hypo mọ́ Izal o. Kó sì gbẹ dáadáa kẹ́ ẹ tó gun orí rẹ̀.