Ìmọ̀ràn: ilé olódi etí òkun wo ni kí n lọ wò ní Shikoku?

Akẹ́kọ̀ọ́ Ìtàn: Ẹ̀yin àgbà, mo kí yín o. N óò wà ní erékùṣù Shikoku ní Jápàn lóṣù tó ń bọ̀, ọjọ́ kan péré ni mo sì ní láti fi wo ilé olódi tí wọ́n kọ́ sí etí òkun. Nínú Takamatsu àti Imabari, èwo ni ìtàn rẹ̀ ṣì hàn kedere sí ẹni tó bá débẹ̀?

Arìnnà Òkè Òkun: Takamatsu ni kí ẹ lọ. Ìjòyè kan tó ń jẹ́ Ikoma Chikamasa ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní ọdún 1588, ó sì jẹ́ kí omi òkun wọ inú yàrà tí wọ́n gbẹ́ yí i ká, débi pé bí òkun bá kún, yàrà á kún, bó bá sì fà, ti yàrà á fà pẹ̀lú. Ẹja òkun ló ń lúwẹ̀ẹ́ nínú rẹ̀ títí dòní. Ní 1642, Matsudaira Yorishige, ọmọ ọmọ Tokugawa Ieyasu, ọ̀gágun tó dá ìjọba ológun Tokugawa sílẹ̀ ní Jápàn, di olórí ibẹ̀, ìdílé rẹ̀ sì jọba lé agbègbè náà lórí títí ìjọba tuntun fi gba ilẹ̀ lọ́wọ́ àwọn ìjòyè ní 1871. Ilé ìṣọ́ Tsukimi, tí wọ́n kọ́ ní nǹkan bí 1676 láti máa ṣọ́ ọkọ̀ ojú omi tó ń wọlé, ṣì dúró. Ẹnubodè ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni olórí ìlú máa ń gbà bọ́ sínú ọkọ̀ láyé àtijọ́.

Ìyá Àgbà Ìwé: Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ẹ má fojú kéré Imabari. Ìjòyè Todo Takatora, tí wọ́n fún ní apá kan ilẹ̀ Iyo, níbi tí Imabari wà, lẹ́yìn ogun Sekigahara ti 1600 tó gbé Tokugawa Ieyasu dé ipò agbára, bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 1602, ó sì ṣe èbúté sínú odi gan-an. Ìtòsí ọ̀nà omi Kurushima ló kọ́ ọ sí, níbi tí àwọn Murakami, ìdílé ajagun ojú omi, ti ń gba owó lọ́wọ́ ọlọ́kọ̀ tó bá ń kọjá tẹ́lẹ̀ rí. Lójú tèmi, ọgbọ́n Takatora nípa odi kíkọ́ kò lẹ́gbẹ́ láyé ìgbà náà.

Olùkọ́ Àná: Ilé gogoro tí ẹ óò rí ní Imabari, ìyá wa, kọnkéré ni, ọdún 1980 ni wọ́n kọ́ ọ. Ní Takamatsu, wọ́n ti wó gogoro tiwọn láti 1884, ìpìlẹ̀ òkúta rẹ̀ ló kù. Bó bá jẹ́ iṣẹ́ ọwọ́ àwọn ará àtijọ́ gan-an ni akẹ́kọ̀ọ́ wa ń wá, èmi náà á ní kó lọ sí Takamatsu. Kó kàn mọ̀ pé wọ́n ti fi iyẹ̀pẹ̀ dí òkun tó ń fi ara kan ògiri Tsukimi nígbà kan. Títì ọkọ̀ ló wà níbẹ̀ báyìí. Kó gun ìpìlẹ̀ òkúta yẹn, yóò rí òkun láti òkè. Ọgbà Tamamo ni wọ́n ń pe gbogbo àyíká náà, ẹsẹ̀ ló sì máa fi rìn débẹ̀ láti ibùdó ọkọ̀ ojú irin Takamatsu.