Ṣé omi ń yí ni, àbí ó ń gbó?

Ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, ẹ kú iṣẹ́ èdè o.

Láti ọjọ́ Ajé ni mo ti ń ka èsì yín sí ìbéèrè àbúrò wa tó ra gíláàsì ẹja. Lítà 120 ni gíláàsì náà ń gbà, inú omi òkun ló ti fẹ́ sìn ẹja, ó sì fẹ́ fi Yorùbá ṣàlàyé fún àwọn ọmọ rẹ̀ ìdí tí ẹja kankan kò fi ní wọ inú rẹ̀ fún bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Iṣẹ́ mímú kí omi gíláàsì tuntun di ibi tí ẹja lè gbé, tí àwọn tó ń sin ẹja ń pè ní cycling, ló ń wá orúkọ fún. Ẹ̀gbọ́n kan dá a lábàá pé ká pè é ní “yíyí omi”. Ẹlòmíràn ní “àyípo náítírójìn”. Ìyá wa tó fèsì lánàá mú “kíkan” wá láti inú iṣẹ́ ògì.

Mo bẹ̀ yín, ẹ jẹ́ ká fi “yíyí omi” sílẹ̀. Ó ti pa ẹja méjì nínú ilé wa.

Ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, àbúrò mi ọkùnrin tó ń gbé ní Ìbàdàn gbé gíláàsì ẹja sí pálọ̀ rẹ̀. London ni èmi wà, orí fóònù la ti ń ṣe gbogbo ètò náà. Mo sọ fún un pé, “Máa yí omi yẹn fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kó o tó ra ẹja.” Ó gbọ́ mi, ó sì ṣe ohun tó gbọ́. Ní gbogbo ọjọ́ Sátidé, ó ń da omi náà nù, ó ń po iyọ̀ mọ́ omi tuntun, ó ń kó òkúta inú rẹ̀ jáde, ó sì ń fi omi ẹ̀rọ fọ̀ wọ́n títí wọ́n á fi funfun báláú. Nígbà tí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà pé, ó ra ẹja méjì. Ní ọjọ́ kẹta ló fi fọ́tò ránṣẹ́ sí mi. Ọ̀kan ti fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ lórí yanrìn. Èkejì gbẹ́nu sókè lójú omi, ó ń mí gúlegúle. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́, ó ti kú. Àbúrò mi kò ṣẹ̀. Ta ló máa gbọ́ “yí omi” tí kò ní rò pé “yí i padà” la ní kó ṣe?

Ẹ jẹ́ ká wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ gan-an kí a tó sọ ọ́ lórúkọ. Ẹ̀gbin ara ẹja àti oúnjẹ tó jẹrà ń di amóníà, èyí tí gbogbo wa mọ òórùn rẹ̀ láti kọ̀rọ̀ tí àwọn ọmọdé bá ti ń tọ̀. Díẹ̀ nínú rẹ̀ ti tó láti pa ẹja. Nínú gíláàsì tuntun, kò tíì sí ohun tó máa jẹ ẹ́. Bakitéríà kan ní láti kọ́kọ́ dé, kó jẹ amóníà, kó sọ ọ́ di náítíráìtì. Irú mìíràn á wá tẹ̀ lé e, á jẹ náítíráìtì, á sọ ọ́ di náítíréètì. Ọmọ Rọ́ṣíà kan, Sergei Winogradsky, ló fi hàn ní nǹkan bí ọdún 1890 pé ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ àkọ́kọ́ kọ́ ló ń ṣe èkejì. Ohun tó ń jẹ́ kó pẹ́ nìyẹn: àwọn ti ẹ̀yìn kò lè pọ̀ àfi bí àwọn ti iwájú bá ti pèsè oúnjẹ wọn sílẹ̀. Ara òkúta, ara yanrìn àti inú asẹ́ ni púpọ̀ nínú wọn ń gbé. Kúlórínì tó wà nínú omi ẹ̀rọ sì ń pa wọ́n. Pípa omi dà nìkan kọ́ ló ba iṣẹ́ àbúrò mi jẹ́. Òkúta tó ń fọ̀ ní gbogbo Sátidé ló ń lé àwọn ayálégbé rẹ̀ lọ.

Pẹ̀lú ìyẹn, “àyípo náítírójìn” náà kò tẹ́ mi lọ́rùn. Ohun tó bá ń yí po gbọ́dọ̀ padà síbi tó ti gbéra, bí ọdún ṣe ń yí po. Nínú ayé gbalasa, náítírójìn, èròjà tó wà nínú amóníà, náítíráìtì àti náítíréètì, ń padà lóòótọ́. Ṣùgbọ́n nínú gíláàsì inú ilé, náítíréètì kàn ń kóra jọ ni, títí a ó fi bu omi díẹ̀ dànù.

Àbá tèmi ni “mímú omi gbó”. Bí ẹ bá fẹ́ ẹ ní ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, “ìmómigbó”. Ẹ sọ ọ́ sétí ara yín wò: “Mo ń mú omi gbó lọ́wọ́.” “Omi yìí kò tíì gbó, má ra ẹja.” Kò sí ọmọ ọdún méje tí kò ní mọ̀ pé sùúrù la ń wí.

Mo ti ń gbọ́ èsì ẹ̀gbọ́n mi: aṣọ gbó, bàtà gbó, omi gbó á wá dà bí omi tó ti bàjẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ wo irú ohun tí “gbó” ń bá rìn. Bí ohun náà kò bá lè dàgbà, bí aṣọ tàbí bàtà, gbígbó rẹ̀ ni pé ó ti ń tán lọ. Bí ó bá jẹ́ ohun tó ń dàgbà, gbígbó rẹ̀ ni pé ó ti pé. Iṣu gbó, a wà á. Àgbàdo gbó, a ya á. Àgbọn tó gbó ló ní epo nínú. Bí a bá sì ń ṣàdúrà fún ọmọ, “wàá gbó, wàá tọ́” la máa ń wí, kò sì sí ẹni tó gbọ́ ọ rí tó rò pé wọ́n ń ṣépè fún òun. Gíláàsì ẹja tó ń dúró de ẹja jẹ́ ohun tó ń dàgbà. Ó ń dàgbà lójoojúmọ́ nígbà tí ojú wa kò rí nǹkan kan.

Ọ̀rọ̀ ìyá wa lórí ògì wù mí púpọ̀. Òun nìkan ló mú iṣẹ́ tí àwa náà ń ṣe wá: a rẹ àgbàdo, a lọ̀ ọ́, a sẹ́ ẹ, a fi í sílẹ̀, ohun tí ojú kò rí sì bá wa ṣe ìyókù. Bó ṣe rí nínú gíláàsì náà nìyẹn. Ohun tí mo fi ń sá fún “kíkan” ni pé omi òkun kò gbọdọ̀ kan. Láàárín 8.1 sí 8.4 la fẹ́ kí pH rẹ̀, òṣùwọ̀n tó máa ń wálẹ̀ bí omi bá ṣe ń kan sí, wà, iṣẹ́ àwọn bakitéríà yìí gan-an sì máa ń fà á wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ẹni tí a bá sọ fún pé kó jẹ́ kí omi rẹ̀ kan lè lọ wá ọsàn wẹ́wẹ́ fún sí i.

Ibi kan wà tí àbá mi kù díẹ̀ káàtó, ó yẹ kí n fẹnu ara mi sọ ọ́. Bí ara òkúta ni àwọn bakitéríà ń gbé, òkúta ló ń gbó, omi kọ́. Òótọ́ ni. Síbẹ̀, omi la máa ń bù sínú ìgò kékeré láti yẹ̀ ẹ́ wò, inú omi sì ni ẹja máa gbé. Mo fara mọ́ “omi”.

Ọ̀rọ̀ náítíráìtì àti náítíréètì ń dẹ́rù bà mí ju èyí lọ. Bí a ṣe ń pè wọ́n ní Yorùbá, ìró fáwẹ̀lì àárín wọn nìkan ló yà wọ́n sọ́tọ̀, orí fóònù tó ń já sì ni ọ̀pọ̀ wa ti ń gba ìmọ̀ràn. Àbá mi ni pé kí amóníà jẹ́ “oró ìtọ̀”, kí náítíráìtì jẹ́ “agbedeméjì”, kí náítíréètì sì jẹ́ “ajílẹ̀ omi”. Mi ò pe agbedeméjì ní oró, nítorí pé nínú omi òkun kì í ṣe ẹja ní jàǹbá bó ṣe ń ṣe nínú omi odò: kúlóráìdì inú iyọ̀ ń dí i lọ́nà. Ní ti ajílẹ̀, àfiwé kọ́ o. Náítíréètì gan-an ló wà nínú ajílẹ̀ tí àgbẹ̀ ń dà sóko, òun náà ló ń mú kí nǹkan aláwọ̀ ewé tó ń yọ̀ bo gíláàsì wa.

Nígbà tí àbúrò mi tún bẹ̀rẹ̀, àwọn orúkọ yìí la lò. Ó fi oró ìtọ̀ mílígíráàmù 2 sínú lítà omi kọ̀ọ̀kan, ó sì fọwọ́ lẹ́rán. Lálẹ́, á bu omi sínú ìgò kékeré, á kán oògùn àyẹ̀wò sí i, á gbé e síwájú bébà funfun, á ya fọ́tò rẹ̀ fún mi. Àwọ̀ ewé, tó ń fi hàn pé oró ìtọ̀ wà níbẹ̀, ni lálẹ́ àkọ́kọ́. Àwọ̀ ewé náà ni lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́wàá. Ní ọ̀sẹ̀ karùn-ún, ó fi mílígíráàmù 2 sí i ní àárọ̀, nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ kejì máa fi mọ́, àwọ̀ ìyeyè, tó túmọ̀ sí pé oró ìtọ̀ ti tán, ló kù, agbedeméjì náà ti wálẹ̀ pátápátá. Ó kọ̀wé sí mi: “Ẹ̀gbọ́n, omi ti gbó.” Ó wá pààrọ̀ omi díẹ̀ láti dín ajílẹ̀ kù. “Pààrọ̀” la wí o, kì í ṣe “yí”. Bí omi bá sì ń fà, “bù kún un” ni, omi tí kò ní iyọ̀ la sì fi ń bù kún un, nítorí pé omi ló ń gbẹ lọ, iyọ̀ kì í bá a lọ.

Ó ku ẹja àkọ́kọ́. Ẹja kékeré aláwọ̀ ọsàn tí wọ́n ń pè ní clownfish ni àbúrò wa fẹ́, wọ́n sì ti túmọ̀ orúkọ náà sí “ẹja aláwàdà”. Ẹja yìí kò ṣàwàdà fún ẹnikẹ́ni. Òkun Íńdíà àti ìwọ̀ oòrùn Pàsífíìkì ló ti wá, kò sí ní etíkun tiwa, nítorí náà kò sí orúkọ àtayébáyé tí a máa ṣì í gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹnì kan ní ká pè é ní “ẹja alábàjà” nítorí ilà funfun ara rẹ̀. Ojú ọ̀nà nìyẹn, àmọ́ àbàjà dùbúlẹ̀ ni. Ilà ẹja yìí dúró, mẹ́ta ni wọ́n sì jẹ́: ọ̀kan lẹ́yìn ojú, ọ̀kan láàárín, ọ̀kan nídìí ìrù. Ilà mẹ́ta tó dúró, pélé ni. Ẹja onípélé.

Òun náà ni mo fẹ́ kí àbúrò wa fi bẹ̀rẹ̀. Kó ra èyí tí wọ́n bí sínú gíláàsì, kó ra méjì tí ọ̀kan fi tóbi díẹ̀ ju èkejì. Akọ ni gbogbo wọn nígbà èwe. Èyí tó bá jọba ló ń di abo, bó bá sì kú, akọ rẹ̀ á di abo rọ́pò rẹ̀. “Ó” wa tí kì í bèèrè akọ tàbí abo rọrùn fún ìtàn ẹja yìí. Ẹran òkun tó dà bí òdòdó tí wọ́n ń fara pamọ́ sí, tí ọwọ́ rẹ̀ ń jóni bí èsìsì, kó fi í sílẹ̀ fún oṣù mélòó kan. Onípélé lè gbé láìsí i.

Ohun tí mi ò fẹ́ kí a sọ lórúkọ rere ni àṣà àtijọ́ ti jíju ẹja kékeré kan tí wọ́n ń pè ní damselfish sínú omi tuntun kí oró ìtọ̀ rẹ̀ lè mú omi gbó fún wa. “Ẹja àdánwò” ni mo rí kà níbí. Ìyà la fi ń jẹ ẹ̀dá náà, bó bá sì yè é, onínúnibíni ni: ó máa lé ẹja tó bá dé lẹ́yìn rẹ̀ kiri. Ìdílé ẹja náà wà nínú òkun tiwa, àwọn kan lára wọn ní ilà dúdú. Ẹ̀yin ará wa tó jẹ́ Ìlàjẹ, ẹ̀yin tí bàbá yín ń dẹ àwọ̀n sókun, ẹ jọ̀wọ́ ẹ bá wa bi wọ́n léèrè orúkọ tí wọ́n ń pè é.