Ọkọ̀ mẹ́ta jókòó sí lọ́ọ̀tù mi nítorí ríkọ́ọ̀lù, ta ló máa san èlé ẹ̀?

AlájàpáHouston:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin tèmi. Ọkọ̀ àlòkù ni mò ń tà ní Houston níbí, lọ́ọ̀tù kékeré ni. Oṣù méjì sẹ́yìn mo ra mẹ́ta ní gbàǹjo, oríṣi kan náà ni wọ́n (mi ò dárúkọ kọ́ńpìnì o), owó èlé ni mo fi rà wọ́n. Mo gbé wọn délé tán kí n tó rántí fi VIN wọn (nọ́ńbà ìdánimọ̀ ọkọ̀) wò ó lórí ìkànnì NHTSA, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń rí sí ààbò ọkọ̀, kí ni mo rí, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló ní ríkọ́ọ̀lù airbag, ìyẹn ni pé kọ́ńpìnì ti sọ pé àpò afẹ́fẹ́ tó ń wú jáde nínú ìjàǹbá lábùkù, kí wọ́n gbé ọkọ̀ wá tún un ṣe. Dílà tó ń ta tuntun wọn ní páàtì ò tíì dé, àwọn máa pè mí. Títí dòní wọn ò pè, ọkọ̀ tí ò kúrò lójú kan wá ń jẹ owó ju èyí tó ń rìn lọ. Ọ̀rẹ́ mi kan tó ń ta tuntun ní òun gan-an ní irú ẹ̀ nílẹ̀ àmọ́ kọ́ńpìnì ń sanwó fún òun. Ṣé òótọ́ ni? Kí ló dé tí wọn ò san tèmi? Ṣé mo tiẹ̀ lè tà wọ́n báyìí?

BàbáRidwan:
Àbúrò, òótọ́ ni. Lọ́dọ̀ dílà tuntun ni mo ti ń ṣiṣẹ́, ó ti tó ọdún 11. Òfin Amẹ́ríkà ni pé tí kọ́ńpìnì bá ti kọ̀wé pé ọkọ̀ tuntun kan lábùkù, dílà ò gbọdọ̀ gbé e fún oníbàárà àfi tí wọ́n bá tún un ṣe tán. Wọ́n lè jọ dúnàádúrà o, kọ́kọ́rọ́ ni ò gbọdọ̀ bọ́ sí i lọ́wọ́. Lọ́dọ̀ wa, inú àpótí lọ́tọ̀ là ń kó kọ́kọ́rọ́ wọn sí, máníjà nìkan ló ń ṣí i, torí àwọn ọmọ tó ń tajà, tí oṣù bá ti ń parí, ojú wọn kì í rí bébà pupa tá a lẹ̀ mọ́ gíláàsì. Kọ́ńpìnì wá gbọ́dọ̀ ra ọkọ̀ yẹn padà tàbí kó fún dílà ní páàtì àti owó iṣẹ́, kó sì fi ó kéré tán 1% iye tí dílà rà á kún un lóṣooṣù. Ọkọ̀ $30,000, $300 nìyẹn lóṣù. Kì í fi bẹ́ẹ̀ tó, bátìrì ń kú, táyà ń tẹ́ lójú kan, àmọ́ ó sàn ju òfo. Ẹ rántí January 2010 tí Toyota dá títa mọ́dẹ́ẹ̀lì 8 dúró lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo torí pẹ́dà tó ń há, Camry àti Corolla wà níbẹ̀, ọjà tó ń yá jù! Irin kékeré kan tí wọ́n fi sínú pẹ́dà ló yanjú ẹ̀.

Tìẹ, àlòkù ni, òfin yẹn ò dé ọ̀dọ̀ ẹ. Ìjọba àpapọ̀ ò ní kó o má tà á, wọn ò sì ní kí ẹnikẹ́ni san 1% fún ẹ. Àwọn tó ń fi ọkọ̀ háyà gan-an, tí ọkọ̀ wọn bá tó 35 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, òfin ti mú wọn láti June 2016.

ÌyáÌbejìATL:
Ẹ ṣé bàbá. Àmọ́ kó má gbọ́ "o lè tà á" kó wá sáré tà á o. Kọ́sítọ́mà mi kan, ọmọdébìnrin báyìí, owó ti wà lọ́wọ́ ẹ̀, ó kàn bẹ̀rẹ̀ níwájú gíláàsì, ó tẹ nọ́ńbà tó wà létí dáṣíbọ́ọ̀dù sínú fóònù, ó yíjú sí mi: "Mà, ríkọ́ọ̀lù tó wà níbí ńkọ́?" Mi ò rí nǹkan sọ. Látọjọ́ náà mo ń tẹ̀ ẹ́ jáde sórí bébà, mo ń jẹ́ kí wọ́n fọwọ́ sí i. AutoNation, iléeṣẹ́ atakọ̀ tó tóbi tó yẹn, 2015 wọ́n ní àwọn ò ní ta àlòkù tó ní ríkọ́ọ̀lù mọ́, 2016 ò tíì parí tí wọ́n fi yí ohùn padà, páàtì airbag Takata (kọ́ńpìnì tó ṣe airbag tó lábùkù nígbà náà) ò sí, ọkọ̀ ń ṣù sílẹ̀.

Tòkunbọ̀Ṣáṣá:
Kí ló le níbẹ̀? Ẹ kó wọn sínú kọ̀ǹténà jàre, Èkó máa gbé e lọ́jọ́ kan. Ta ló ń wo VIN ní Bẹ́gà?

BàbáRidwan:
Ọmọ yìí, ẹ̀gbọ́n ẹ ló máa wà á o. Ẹ̀tù inú airbag Takata yẹn, ammonium nitrate, ooru àti ọ̀rinrin ló ń bà á jẹ́ bí ọdún ṣe ń gorí ọdún, tó bá wá ṣí nínú ìjàǹbá, irin ẹ̀ á fọ́n sójú ẹni tó ń wakọ̀. Ibo ló wá lóoru tó tún lọ́rinrin bí Èkó? Àwọn Honda 2001 sí 2003 kan wà tí NHTSA sọ ní 2016 pé tí airbag wọn bá ṣí, ó lè tó ìdajì nínú wọn tó máa fọ́. Accord àti Civic ọdún yẹn, ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nílé lẹ mọ iye tó wà ní títì.

AlájàpáHouston:
Ẹ ṣé gan-an ni. Tèmi ò ní lọ Èkó, àbúrò mi ń gbé Ìkòròdú, mi ò mọ ẹni tó máa rà á. Mo pe àwọn tó yá mi lówó láàárọ̀, wọ́n ní tó bá pé 90 ọjọ́ kí n san díẹ̀ lára ojú owó. Dílà kan ní San Antonio ní àwọn ní páàtì ẹyọ kan, ọ̀la ni mò ń wà á lọ. Méjì tó kù ṣì wà lábẹ́ igi, mo ti ní kí ọmọ iṣẹ́ mi máa sítáàtì wọn lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀.