Ṣé ìwé kan ni kí a kọ fún sọ́fítíwíà mẹ́ta tó jọra?

Olùbéèrè:
Ẹ kú iṣẹ́ o. Sọ́fítíwíà mẹ́ta ni a ń ṣe fún oríṣiríṣi ilé ìkàwé. Ìwé ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni a fi kọ ohun tí oníbàárà ń fẹ́ nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, ṣùgbọ́n bí a bá tún gbólóhùn kan ṣe nínú ọ̀kan, a máa ń gbàgbé méjì yòókù. Ṣé kí a pa wọ́n pọ̀ ni?

Ìdáhùn kìíní:
Ẹ pa wọ́n pọ̀, àmọ́ ẹ kọ́kọ́ ya ohun tó kan gbogbo wọn sọ́tọ̀ kúrò lára ohun tó yàtọ̀. Lọ́dún 1990 ni onímọ̀ sọ́fítíwíà Kyo Kang àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ọ̀nà FODA (Feature-Oriented Domain Analysis) jáde, èyí tó ń to àwọn àbùdá sọ́fítíwíà, ìyẹn àwọn ohun tó lè ṣe, bí ẹ̀ka igi: àwọn kan jẹ́ dandan, a lè fi àwọn kan sílẹ̀, àwọn mìíràn sì wà tó jẹ́ pé ọ̀kan ṣoṣo ni a gbọ́dọ̀ mú nínú wọn. Ní ti ilé ìkàwé yín, fún àpẹẹrẹ, yíyá ìwé jẹ́ dandan. Owó ìtanràn kò pọn dandan, ṣùgbọ́n ẹni tó bá mú un gbọ́dọ̀ mú ọjọ́ ìdápadà pẹ̀lú.

Ìdáhùn kejì:
Òótọ́ ni, àmọ́ ẹ má sọ gbogbo ìyàtọ̀ kéékèèké di àbùdá. Àbùdá mẹ́wàá péré tí a lè mú tàbí kí a fi sílẹ̀, láìsí òfin kankan láàárín wọn, ti di oríṣi sọ́fítíwíà 1,024. Ta ni yóò dán gbogbo rẹ̀ wò?

Olùbéèrè:
Ẹ ṣeun. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i pé owó ìtanràn wà nínú ìwé wa kejì, kò sì sí ọjọ́ ìdápadà níbẹ̀ rárá.