Nǹkan roboto tó wà nínú àpò kọ̀ndẹ́ẹ̀mù

Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi. Kọ̀ndẹ́ẹ̀mù ni mò ń rà ní Ìkòròdú níbí. Lọ́dún tó kọjá ilé iṣẹ́ kan ní Odogunyan ń tú sílíìnì wọn, wọ́n kó ẹrù fún mi, àpò kan wà nínú ẹ̀ tó kún fún àwọn nǹkan funfun roboto yẹn, èyí tí wọ́n máa ń kàn mọ́ òkè ilé tó máa ń ké tó bá ti gbóòórùn èéfín. Wọn ò sọ nǹkan kan fún mi.

Kí n tó dé, ọmọ iṣẹ́ mi ti fi òòlù fọ́ méjì, ó ń fi eyín fa wáyà inú ẹ̀ torí kọ́pà. Mo yí ọ̀kan dà, mo rí àmì kan bíi fáànù alápá mẹ́ta, irú èyí tí mo rí lára ilẹ̀kùn ibi tí wọ́n ti ya X-ray fún ìyá mi. Wọ́n kọ Am-241 sí i. Àyà mi já. Mo ní tu ú dànù, yọ ẹnu ẹ, fọṣẹ fọ ọwọ́!

Mo pe bùrọ̀dá àdúgbò wa tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní físíìsì. Wọ́n ní americium ni, nọ́ńbà 95 nínú àtẹ àwọn ẹ́límẹ́ǹtì, pé èèyàn ló ṣe é, Glenn Seaborg, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ará Amẹ́ríkà, àtàwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ ní Chicago lọ́dún 1944, ara ẹ́límẹ́ǹtì mìíràn tó ń jẹ́ plutonium ni wọ́n ti mú un jáde. Ìtànṣán alpha tó ń tú jáde, bébà lásán ń dá a dúró, ìyẹn ni ò ṣe pa wá lára lókè ilé. Àmọ́ kéèyàn fọ́ ọ, kó jó o, kó fà á símú, inú egungun àti ẹ̀dọ̀ ló ń lọ jókòó sí.

Mo ní kí n gbẹ́lẹ̀ sẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù kí n bò ó. Wọ́n ní tí mo bá bò ó lónìí, lẹ́yìn ọdún 432 ìdajì ẹ̀ ṣì máa wà níbẹ̀. Ilẹ̀ bàbá mi mà ni o!

Mo kó gbogbo ẹ̀ sínú ike onídèérí, mo gbé e padà fún ilé iṣẹ́ yẹn. Wọ́n fẹ́ bá mi jà, ìgbà tí mo dárúkọ NNRA tí ìjọba fi ń ṣọ́ irú nǹkan báyìí ni wọ́n tó gbà á.

*Ará Ẹ̀pẹ́ kan dáhùn:*
Iṣẹ́ iná ni mò ń ṣe. Ilé kan tí wọ́n ti ń dín ẹja, nǹkan yìí ń ké ṣáá, wọ́n ní kí n tú u, mo jù ú sórí ààtàn. Àwọn tí mò ń so báyìí, iná kékeré ló fi ń rí èéfín, kò sí americium nínú ẹ̀. Ṣùgbọ́n ti ọjọ́ yẹn ṣì wà lórí ààtàn, wọ́n sì máa ń dáná sun ààtàn yẹn.