Afárá òkúta Ronda ní Sípéènì: ṣé màmá lè dé ibẹ̀?

Àdùkẹ́: Ẹ kú ilé o. Èmi àti màmá mi ń lọ sí Ronda. Orúnkún ń dùn wọ́n, wọn ò lè gun òkè. Ṣé wọ́n á gbádùn Puente Nuevo, afárá òkúta ibẹ̀, láì sọ̀kalẹ̀ sí àfonífojì?

Bàbá Ìbejì: Wọ́n á gbádùn ẹ̀ dáadáa! Orí afárá náà tẹ́jú, títì ìlú ló gba orí ẹ̀ kọjá. Kí màmá fara ti ògiri etí rẹ̀, kí wọ́n wo odò Guadalevín nísàlẹ̀. Afárá náà ga tó mítà 98! Ọdún 1751 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ ẹ̀, 1793 ló parí. Èyí tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ wó ní 1741, ó pa èèyàn bí 50. Mo bọ̀wọ̀ fún àwọn tó tún dáwọ́ lé e. Yàrá kan wà nínú afárá náà tí wọ́n fi ṣe ẹ̀wọ̀n rí, ṣùgbọ́n àtẹ̀gùn ni wọ́n ń gbà débẹ̀. Kí màmá fi ìyẹn sílẹ̀.

Àdùkẹ́: Ẹ ṣé gan-an, sà. Ìgbà wo ló dáa jù?

Ìyá Tòbí: Àárọ̀ kùtù, kí bọ́ọ̀sì àwọn arìnrìn-àjò láti Málaga tó dé. Bàtà tí kì í yọ̀ ni kí màmá wọ̀ o.