Ọ̀rẹ́ mi já mi sílẹ̀ lórí kọ́ńsáàtì tó kẹ́yìn ọdún, ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Tèmilorin: Ẹ̀yin ará, inú ń bí mi o, ẹ má wo bí mo ṣe kọ ọ́. Èmi àti ọ̀rẹ́ mi kan jọ pinnu pé kọ́ńsáàtì la máa fi rántí ọdún yìí, a sì jayé lóòótọ́. Ìgbà kan òjò ká wa mọ́ pápá, kò sẹ́ni tó sá, olórin yẹn náà sọ̀ kalẹ̀ lórí sítéèjì ó wá ń kọrin nínú òjò pẹ̀lú wa. Ìgbà kan, nínú gbọ̀ngàn kékeré, máìkì kú, bàbá olórin yẹn kàn fi ohùn lásán kọ ọ́ parí, gbogbo èèyàn dákẹ́ rọ́rọ́, mo sunkún. Èyí tá a lọ kẹ́yìn yìí ló wá ga jù, iwájú pátápátá la dúró, lẹ́gbẹ̀ẹ́ spíkà, bèèsì ń lù mí láyà kì kì kì. Ó wá ku ẹyọ kan ṣoṣo kí ọdún parí, olórin tí mo ti ń retí àtikékeré, mo ti ra tíkẹ́ẹ̀tì fún àwa méjèèjì, ni ọ̀rẹ́ mi bá ní òun ò lọ mọ́, kí èmi náà má lọ. Òun tó jẹ́ pé fídíò ló máa ń yà látìbẹ̀rẹ̀ dópin, tí ọwọ́ ẹ̀ á máa dí mi lójú, mi ò sọ̀rọ̀ rí! Ó tún máa ń pẹ́ dé. Ṣé kí n gba owó tíkẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́ ẹ̀ àbí kí n wá ẹlòmíì mú lọ?

Àdùnní Olóhùn: Gba owó ẹ jàre. Wọ́n ṣe irú ẹ̀ fún mi rí, èmi nìkan ló dá dúró láàárín èrò, títí dòní mi ò lè gbọ́ orin olórin yẹn kí inú má bí mi.

Alàgbà Rántí: Kí lẹ̀yin ọmọ yìí ń wá níwájú gan-an? Níbi kọ́ńsáàtì Astroworld ní Houston, Amẹ́ríkà, lọ́dún 2021, èèyàn 10 ló kú, èrò ló fún wọn pa, wọn ò ráyè mí. Ẹ̀yìn lèmi máa ń dúró, nítòsí ẹni tó ń to ohùn. Ibẹ̀ lorin ti ń dùn jù.

Kọ́lá Gìtá: Bàbá, ẹni tó dúró lẹ́yìn, kí ló rí? Kó kúkú jókòó sílé máa wò ó lórí YouTube.

Alàgbà Rántí: Etí la fi ń gbọ́ orin, ọmọ mi. Ojú kọ́.

Síkẹ́mi: Ẹ dúró ná. Tèmilorin, kí ni ọ̀rẹ́ rẹ sọ pé ó fà á? Èèyàn kì í ṣàdédé kọ̀.

Tèmilorin: Ó ní torí etí mi ni. Pé tí mi ò bá tíì rí dókítà, òun ò ní bá mi lọ síbi ariwo kankan. Àṣejù ni. Látọjọ́ kọ́ńsáàtì tá a lọ kẹ́yìn yẹn ni etí mi ti ń hó yee, ta ni kì í ṣe nínú àwa tá a fẹ́ràn orin? Ti ọ̀tún kàn dà bíi pé wọ́n ki òwú bọ̀ ọ́ ni. Òsì ni mo fi ń gbọ́ fóònù báyìí.

Síkẹ́mi: Ohun tó yẹ kó o kọ́kọ́ sọ nìyí! Nọ́ọ̀sì ni mí. Etí tó hó tó sì dákẹ́ lọ́jọ́ kejì, ìyẹn lọ́tọ̀. Èyí tí kò lọ, tí ẹ̀gbẹ́ kan ò tún gbọ́ dáadáa mọ́, ọ̀rọ̀ pàjáwìrì ni. Wọ́n máa ń fi oògùn tí wọ́n ń pè ní sítẹ́rọ́ìdì tọ́jú ẹni tí etí ẹ̀ bá dédé di, àmọ́ láàárín ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́ ló ti ń ṣiṣẹ́ jù. Ìgbà wo ló ṣẹlẹ̀?

Kọ́lá Gìtá: Ẹ má dẹ́rù bà á. Tèmi náà ń hó, mo ṣì ń ta gìtá.

Síkẹ́mi: Kọ́lá, ìwọ náà lọ yẹ̀ ẹ́ wò. Dẹ́síbẹ́ẹ̀lì ni wọ́n fi ń wọn ariwo. Ariwo tó bá jẹ́ dẹ́síbẹ́ẹ̀lì 85, wákàtí 8 lóòjọ́ ni etí lè gbà á. Tó bá fi 3 lé sí i, àkókò yẹn á já sí ìdajì. Tó bá fi máa dé 100, ìṣẹ́jú 15 ló kù, iwájú spíkà kọ́ńsáàtì sì máa ń kọjá 100. Àwọn irun tín-tìn-tín inú etí tó ń gbé ohùn, tí wọ́n bá ti kú wọn kì í hù padà. Chris Martin, olórin ẹgbẹ́ Coldplay, náà ní ariwo etí yìí, ó máa ń dí etí ẹ̀ tó bá wà lórí sítéèjì.

Àdùnní Olóhùn: Ó dáa, ṣùgbọ́n owó tíkẹ́ẹ̀tì ńkọ́? Ó ṣì yẹ kó san án.

Alàgbà Rántí: Àdùnní! Ọ̀rẹ́ tó ń ro ti etí ẹni lo ní ká gbowó lọ́wọ́ ẹ̀?

Tèmilorin: Àǹtí Síkẹ́mi, kò tíì pé ọ̀sẹ̀ méjì. Lẹ́yìn kọ́ńsáàtì yìí màá lọ, ọjọ́ díẹ̀ ló kù, màá ki nǹkan bọ etí. Ẹ ò mọ bí mo ṣe ti ń dúró de olórin yìí tó.

Síkẹ́mi: Mo mọ̀ ọ́n, torí kó o lè máa gbọ́ ọ ni mo ṣe ń sọ̀rọ̀. Ṣé òòyì ń kọ́ ẹ?

Tèmilorin: Tí mo bá sáré dìde. Mo rò pé àìsùn ni.

Síkẹ́mi: Lọ sọ́sibítù lónìí, ọ̀dọ̀ dókítà etí. Sọ ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀ gan-an fún wọn, sọ ti òòyì náà. Má fúnra ẹ wakọ̀. Pe ọ̀rẹ́ rẹ yẹn kó gbé ẹ lọ.